Mo fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù 150 sórí CG125 bàbá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Olóyèmekún
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé, ẹ̀yin àgbà mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mashíìnì (ọ̀kadà) Honda CG125 kan wà lọ́wọ́ mi, bàbá mi ló ni ín, ojúlówó ti Japan ni kì í ṣe ti Ṣáínà, bátìrì 6V ló ń lò, kọ́ńtáàkì ló sì ń ta iná fún púlọ́ọ̀gì ẹ̀, kò ní CDI (àpótí kékeré tó ń ta iná fún púlọ́ọ̀gì láìsí kọ́ńtáàkì). Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí ni mò ń gbé, oko kòkó wa wà lọ́nà Ìdànrè, ẹ sáà mọ ọ̀nà yẹn àti àwọn òkè ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wà lórí ẹ̀ kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá ti di àpò kòkó sí káríà, tí àbúrò mi tún jókòó sẹ́yìn, jíà kejì ni mo fi ń gun òkè, nígbà míì gan-an ó máa ń já sí wáànù, àwọn ọlọ́kadà Bajaj á máa fọn fèrè lé mi lórí bíi pé kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gùn sójú títì. Tilẹ̀ bá ti ṣú ńkọ́, tí mo bá fi lè dẹwọ́ lórí tọ́túù (ọwọ́ tí mo fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná) báyìí iná iwájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Mẹkáníìkì mi ní kí n lọ ra búlọ́ọ̀kù (ilé tí písítìn ti ń lọ sókè sódò) àti písítìn CG150 ti Ṣáínà, ó ní àá kàn ṣí ti tẹ́lẹ̀ àá gbé e sí i, ọjọ́ kan náà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú ra odindi ẹ́ńjìnnì 200. Ẹlòmíì ní kábúrétọ̀ Bajaj ni kí n fi sí i, pé òun ló máa jẹ́ kó fà. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́, epo náà ò sì rọrùn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lọ́dún 2023, mi ò fẹ́ nǹkan tó máa kó mi sí gbèsè epo. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n tà á o, mi ò tà á. Kí ni kí n ṣe?

Ẹlẹ́yà Ìjàpọ̀
Tà á kó o ra Boxer 😂

Ọmọ Olóyèmekún
Ẹ̀gbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dáhùn 😂 mi ò tà o

Mẹkáníìkì Arákàlẹ́
Àbúrò ọ̀rọ̀ 150 ṣì ń bọ̀, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ẹ́, ṣé 125 tó wà níbẹ̀ gan-an ṣì ń ṣiṣẹ́ 125? Torí ohun tó o ṣàlàyé yẹn, èmi ò gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì kéré, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀. CG tí ara ẹ̀ dá gbọdọ̀ lè gbé èèyàn méjì gun òkè Ìdànrè láì já sí wáànù. Pa iná ẹ̀, fi ọwọ́ ẹ (kì í ṣe ẹsẹ̀) ti kíkì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yẹ kó dé ibì kan kó le, kó bá ẹ jà. Tó bá kàn ń lọ gbẹrẹfu, afẹ́fẹ́ ń sá níbì kan nìyẹn, yálà ríìngì àti búlọ́ọ̀kù ló ti jẹ tàbí fáfù ò jókòó dáadáa. Wo èéfín ẹ̀ láàárọ̀, tó bá ní àwọ̀ aró díẹ̀ tó sì ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná, ó ń jẹ ọ́ìlì.

Wá wo kílọ́ọ̀ṣì. Tó o bá ń gun òkè tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo lọ sókè àmọ́ tí mashíìnì ò sáré tó ariwo ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, kò sí búlọ́ọ̀kù tó máa wo ìyẹn sàn. Irú ọ́ìlì wo lò ń dà sí i? Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòde òní míì wà tí wọ́n pò nǹkan tó ń yọ̀ mọ́, nínú ọ́ìlì yẹn náà ni kílọ́ọ̀ṣì mashíìnì wa sì wà, ó máa yọ̀ ni. Ọ́ìlì mashíìnì 20W-50 ni kó o rà.

Tápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (ibi tá a ti ń ṣètò àlàfo fáfù) ńkọ́, ta ló ṣètò ẹ̀ gbẹ̀yìn? 0.08mm ni àlàfo ẹ̀, ti ìwọlé àti ti ìjáde, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Àwọn kan á fi etí gbọ́ ọ, wọ́n á fún un pa kó má baà dún, fáfù ò ní lè pa dé mọ́, àfi kó máa jóná. Kọ́ńtáàkì náà, kó ṣí tó 0.3 sí 0.4mm, bí ojú ẹ̀ bá ti jó tó dúdú, wàá rò pé ẹ́ńjìnnì ló dàgbà.

Ọmọ Olóyèmekún
Ẹ ṣé gan-an ọ̀gá. Mo ti lọ fọwọ́ ti kíkì yẹn báyìí. Kò le rárá. Èéfín wà láàárọ̀ lóòótọ́, mo rò pé òtútù ni.

Mẹkáníìkì Arákàlẹ́
Òtútù kọ́ 😀

Tọ́nà Ọ̀nà Odà
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yẹn torí pé ọ̀dọ̀ èmi tọ́nà tí mò ń gbẹ́ irin ni wọ́n ń gbé e wá tó bá ti dàrú. Ẹni tó ní "àá kàn ṣí i àá gbé e sí i" yẹn, ẹ bá mi kí i. Búlọ́ọ̀kù CG125, inú ẹ̀ fẹ̀ tó 56.5mm. Ti CG150 ti Ṣáínà jẹ́ 62mm. Bí písítìn ṣe ń lọ sókè sódò kò yàtọ̀, 49.5mm ni méjèèjì, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àwọn èèyàn fi rò pé wọ́n kàn lè pààrọ̀ ara wọn. Lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, fífẹ̀ yẹn nìkan ló gbé e láti 124cc lọ sí 149cc, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn lára kíráńkì (irin tí písítìn ń yí). Ó dùn létí.

Àmọ́ ẹ wo ìdí búlọ́ọ̀kù. Sílíìfù ẹ̀ (páìpù irin inú búlọ́ọ̀kù tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀) máa ń yọ wálẹ̀, ó máa ń wọnú kíráńkì-kéèsì, ìyẹn ilé kíráńkì. Sílíìfù tí inú ẹ̀ fẹ̀ tó 62, ẹ̀yìn ẹ̀ á tún ju 62 lọ, ẹnu kéèsì ojúlówó 125 ò gbà á. Ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹnu kéèsì yẹn, bó sì ṣe yẹ ká gbẹ́ ẹ ni pé kẹ́ ẹ tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ yọ kíráńkì, jíà, bẹ́ẹ̀rìnnì, kẹ́ ẹ wá di kéèsì méjèèjì pa pọ̀ lófìfo kí n gbé e sórí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń sọ pé ọjọ́ kan ni, fáìlì ni wọ́n fi ń ha á pẹ̀lú kíráńkì nínú ẹ̀, wọ́n á ki àkísà bọ ihò, wọ́n ní kò séwu. Ìdọ̀tí alumíníọ̀mù yẹn á wọlé. Ẹnì kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi láti Ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀rìnnì bíígì-ẹ́ńdì (èyí tó so ọ̀pá písítìn mọ́ kíráńkì) ti ń ró, nígbà tá a tú u, ẹ fọwọ́ kan ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ń tàn yẹ́ẹ́, alumíníọ̀mù tí wọ́n fáìlì ló kúnnú ẹ̀, ó ṣì ń ha èèyàn lọ́wọ́.

Kò tíì tán. Bọ́ọ̀tì gígùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di búlọ́ọ̀kù mú, ẹ gbọ́dọ̀ wọn àlàfo wọn, torí Ṣáínà kan ò jọ Ṣáínà kejì. Tọ́ọ̀pù (orí tó bo búlọ́ọ̀kù) ti 125 ò ní bo ojú búlọ́ọ̀kù 150 dáadáa, ẹ máa ra tọ́ọ̀pù 150 náà ni. Ọ̀pá tó ń ti fáfù, bí gígùn búlọ́ọ̀kù bá yàtọ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, kò ní bára mu. Písítìn ńlá sì wúwo ju kékeré lọ, kíráńkì tí wọ́n ti wọn fún kékeré á wá máa gbọ̀n, ọwọ́ ẹ á máa kú lórí háńdù tó o bá fi máa dé Aládé ní Ìdànrè.

Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe o, mo ti ṣe é, ó sì fà dáadáa. Èyí tó dára ni pé kẹ́ ẹ ra gbogbo òkè ẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, búlọ́ọ̀kù, písítìn, tọ́ọ̀pù, ọ̀pá, kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá. Àmọ́ fún ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, rìbóò ni mo máa ṣe fún ẹ. Písítìn tó ju ojúlówó lọ díẹ̀ wà, 0.25, 0.50, 0.75, títí dé 1.00. Mo máa gbẹ́ búlọ́ọ̀kù ẹ̀ bá èyí tó bá mú un mọ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan kéèsì.

Ọlọ́kadà NEPA
Ẹ̀yin tọ́nà ẹ fẹ́ràn láti máa dẹ́rù ba èèyàn. Mo mọ ẹni tó ń gun 150 báyìí lára CG, ó ti pẹ́, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Tọ́nà Ọ̀nà Odà
Ṣé CG Japan ni àbí CG Ṣáínà? Torí àwọn Ṣáínà kan wà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹnu kéèsì wọn sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kéèsì kan náà ni wọ́n ń lò fún 125 àti 150, ìyẹn lè wọ̀ wẹ́rẹ́.

Ọlọ́kadà NEPA
Ti Ṣáínà ni sha

Tọ́nà Ọ̀nà Odà
Ṣé ẹ rí i.

Ọmọ FUTA Gúúsù
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, mo fẹ́ràn mashíìnì yìí gan-an. 1976 ni Honda gbé CG125 jáde, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún irú àwọn ibi tiwa yìí ni, ibi tí eruku pọ̀ sí, tí wọ́n á di ẹrù lé e kọjá agbára ẹ̀, tí èèyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Ìdí tó fi ní ọ̀pá tó ń ti fáfù nìyẹn dípò ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì, torí ṣéènì yẹn lè tètè jẹ tí ọ́ìlì bá bàjẹ́. Ẹ tún wo ilé irin tí wọ́n fi bo ṣéènì ẹ̀yìn ẹ̀ pátá, kí iyanrìn má wọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni, tí ilé ṣéènì yẹn bá ṣì wà lára tìẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e dànù torí àti ki sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) míì sí i o, wọ́n ń wá a kiri báyìí.

Ní ti ẹ́ńjìnnì 200, inú búlọ́ọ̀kù ẹ̀ fẹ̀ tó 63.5mm, písítìn ẹ̀ ń rin 62.2mm, kíráńkì ẹ̀ gùn ju tìẹ lọ, ó wúwo, á sì mu epo. Ihò tí wọ́n fi ń dè é mọ́ férémù lè jọra, síbẹ̀ gbé igi gbọọrọ lé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú dé ti ẹ̀yìn kó o wò bóyá wọ́n wà lórí ìlà kan, tí wọn ò bá sí, ṣéènì á máa bọ́ ni.

Bọ̀dá Òṣìṣẹ́ Ìjọba
Ẹ tún rántí ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ara kéèsì ló wà. Tó o bá pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù nìkan nọ́ńbà ò yí padà. Tó o bá gbé odindi ẹ́ńjìnnì míì sí i, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ àti èyí tó wà lára mashíìnì á ta ko ara wọn, ọlọ́pàá tó bá dá ẹ dúró lọ́nà á ní o jí i ni. Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ẹ, kó o sì lọ tún un kọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀.

Rìwáyà Ìsọ̀lọ̀
Gbogbo yín ń sọ búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, ẹni tí kò ríran lálẹ́ lọ́nà Ìdànrè ẹ fẹ́ kó sáré sí i?? Iná ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Àbúrò, gbé e kúrò ní 6V. Èyí gan-an ni ibi tí ẹ̀yà ara mashíìnì míì ti wúlò jù lọ lára CG àtijọ́, torí àwọn CG Ṣáínà 12V kún ìlú, àlòkù wọn sì wà káàkiri.

Ohun tó o máa wá ni mágínẹ́ẹ̀tì (irin tó ń yí lórí kíráńkì tó ń mú iná wá) àti kọ́ìlì abẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti ara ẹ́ńjìnnì kan náà (má ra wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o), kọ́ìlì kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́ sí CDI, CDI fúnra ẹ̀, kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì, rẹ̀gúlétọ̀ tó ń ṣọ́ iná kó má pọ̀ jù. CDI ti AC (tó ń gba iná lára kọ́ìlì abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì) ni kó o béèrè. Àwọn mashíìnì míì ń lo ti DC tó ń gba iná lára bátìrì, ẹnu wáyà wọn lè jọra kó tan ẹ́, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo gílóòbù, họ́ọ̀nù, fíláṣà àti bátìrì, gbogbo ẹ̀ á di 12V, kódà gílóòbù kékeré inú mítà.

Kó o tó sanwó mágínẹ́ẹ̀tì, yẹ̀ ẹ́ wò lára imú kíráńkì ẹ. Yọ kíì kékeré tó ń jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì dúró lójú kan kúrò ná, fi máákà kun imú kíráńkì yípo, gbé mágínẹ́ẹ̀tì wọ̀ ọ́, yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, kó o yọ ọ́. Tí máákà bá ti pa rẹ́ káàkiri, wọ́n bára mu. Tó bá jẹ́ etí ẹ̀ nìkan ló ti pa rẹ́ má rà á, kò sí bó o ṣe fẹ́ fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ tó, lọ́jọ́ kan á jẹ kíì yẹn á sì yí lórí ìrìn. Púlà (irinṣẹ́ tó ń fà á jáde) ni kí wọ́n fi yọ ti àtijọ́. Tó o bá ti rí mẹkáníìkì tó gbé hámà, gba mashíìnì ẹ kó o máa lọ ilé.

Ọmọ Olóyèmekún
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣé. Tí mo bá kàn ra gílóòbù 12V fi sí 6V tó wà níbẹ̀ ńkọ́, kí n ṣì fi gbáralé?

Rìwáyà Ìsọ̀lọ̀
Á wulẹ̀ máa tàn bàìbàì ni. Gílóòbù kọ́ ló ń mú iná wá.

Bàbá Kòkó Aládé
Ọmọ mi, mo kí ẹ. Ọ̀nà yẹn ni èmi náà ń gbà, mo ti ń gun CG látìgbà tí ọ̀nà ọ̀hún kò tíì dáa. Ohun tí mo ṣe sí tèmi kò gbówó. Mo ní kí wọ́n yọ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú tí eyín ẹ̀ jẹ́ 15, kí wọ́n fi oní-14 sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí òkè, ó kàn jẹ́ pé lórí títì tó tẹ́jú, ibi tó ti ń sá 80 tẹ́lẹ̀, bíi 75 ló kù, ta ni mo sì fẹ́ lé bá? Wo iye eyín tó wà lára tìẹ kó o tó rà, ẹlòmíì ti lè yí i kó tó kàn ẹ́. Ṣéènì 428 ni kí wọ́n tà fún ẹ. 420 wà lọ́jà, àlàfo láti ìdè kan sí ìkejì lára ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti 428, àmọ́ ó tín-ín-rín, eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì 428 ò ní wọnú ẹ̀.

Má gun òkè pẹ̀lú àpò kòkó tó yọ sẹ́yìn jù, jẹ́ kó sún mọ́ ìdí ẹ. Ọwọ́ iwájú tó fúyẹ́ ló ń mú kí èèyàn máa rò pé ẹ́ńjìnnì ò fà.

Ọlọ́kadà NEPA
Bàbá ẹ ṣeun. Kábúrétọ̀ Bajaj ńkọ́, kò sẹ́ni tó dáhùn ìyẹn

Mẹkáníìkì Arákàlẹ́
Torí kò nídìí ni. Kábúrétọ̀ kì í dá agbára sílẹ̀, ohun tí ẹ́ńjìnnì bá lè fà ló ń fún un. PZ26 tàbí PZ27 ló wọ́pọ̀ lára àwọn CG 125 ti Ṣáínà, wọ́n gbé PZ30 sára 200. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá ti jẹ tí kò ṣeé tún ṣe, èyí tó o máa rà nìyẹn, ti 26, kò kan Bajaj. Bajaj 100 ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kéré sí tìẹ, jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (ihò tí epo ń gbà) náà kéré, epo ò ní tó, afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná. Lẹ́yìn tó o bá ti gùn ún dáadáa, pa á lójijì kó o yọ púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, ó dáa. Tó bá funfun, yára, torí písítìn ló máa yọ́ tẹ̀ lé e. Tó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù.

Alájà Dispatch
Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bíréèkì o. Mo ní àwọn mashíìnì tó ń gbé ẹrù fún mi láti Ọba Adésídà lọ sí FUTA àti Ọba-Ilé, tí ràìdà bá ti fẹ́ kí n "ṣe ẹ́ńjìnnì", mo máa ń ní kó kọ́kọ́ dá a dúró níwájú mi ná. CG àtijọ́ yẹn, ìlù ni bíréèkì ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ń gun òkè Ìdànrè pẹ̀lú kòkó, ẹ ò sọ pé ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ padà.

Àwọn kan ní kẹ́ ẹ gbé odindi ṣọ́ọ̀kì iwájú tó ní dísìkì láti ara mashíìnì míì. Ó ṣeé ṣe tí gígùn ọ̀pá tó gba inú orí férémù kọjá bá dọ́gba, tí bẹ́ẹ̀rìnnì ẹ̀ bá wọ̀ ọ́, tí ẹ sì ra ríìmù àti ásùlù tó bá a wá. Tó bá gùn jù, iwájú á ga, á máa rìn gbọ́ngbọ́n ní kọ́nà. Owó ńlá ni. Ṣíṣe èyí tó wà níbẹ̀ ti tó ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹ ra ṣúù tuntun, ẹ nu inú ìlù mọ́ kí girísì kankan má kàn án, ẹ pààrọ̀ kébù. Tẹ́ ẹ bá fa bíréèkì tán, kí apá kékeré tí kébù ń fà àti kébù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe igun ilé, tí apá yẹn bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ó ti pàdánù agbára. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ẹ fi sí jíà kékeré, ẹ má di bíréèkì mú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlù ń gbóná, tó bá sì ti gbóná kì í mú mọ́.

Ẹlẹ́yà Ìjàpọ̀
Ẹ wò ó, ó yá kí ẹ kúkú ra tuntun 😂 ṣùgbọ́n lóòótọ́ Alájà sọ òótọ́

Ọmọ Olóyèmekún
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Mo ti pinnu. Bíréèkì ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, ṣúù àti kébù, torí owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Tí a bá ta kòkó, màá bá rìwáyà rí, ká gbé e lọ sí 12V. Búlọ́ọ̀kù màá ṣe rìbóò, mi ò ṣe 150 mọ́, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì 14 ni màá fi gun òkè. Eyín iwájú ti tèmi 15 ni, mo ti kà á. Tọ́nà, ṣé kí n tú búlọ́ọ̀kù kí n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n tó lọ wá písítìn?

Tọ́nà Ọ̀nà Odà
Rárá o. Gbé búlọ́ọ̀kù wá kí n wọ̀n ọ́n, màá sọ fún ẹ bóyá 0.25 ló máa mú un mọ́ àbí 0.50. Wá lọ ra písítìn yẹn pẹ̀lú ríìngì ẹ̀ kó o gbé e wá, lára písítìn tó wà lọ́wọ́ mi ni mo máa fi wọn ihò kí n tó gbẹ́ ẹ, 0.50 ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti ìkejì. Tó o bá fi máa tú u, fi sẹ́lótéèpù lẹ bọ́ọ̀tì àti ọ̀pá fáfù mọ́ páálí, kọ èyí tó jẹ́ ti ìwọlé àti èyí tó jẹ́ ti ìjáde sí i.

Ọmọ Olóyèmekún
Ó dáa sà. Ọjọ́ Ajé ni mo ń bọ̀.